Ojú Adágún

"Bí o bá fi iṣẹ́ eyín yẹn sílẹ̀ lónìí, wá ẹlòmíràn tí o ó máa pè ní bàbá."

Télọ̀ kò gbé ojú kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ nígbà tí ó sọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ ẹ̀rọ, aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ aládùúgbò kan ń yọ́ gba abẹ́ abẹ́rẹ́ kọjá, ohùn rẹ̀ sì ń ga bí ẹ̀rọ náà bá ti ń sáré sí i. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, fóònù lọ́wọ́, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lábẹ́ àga.

"Bàbá, mi ò sọ pé mo ti fi í sílẹ̀. Mo ní mo ń rò ó ni."

"Ẹni tó dúró létí kànga, tó ní òun ń ro bí òun ṣe máa bẹ́ sí i, ṣé ìgbà tó bá bẹ́ tán la máa tó pariwo?"

"Káàdì pókà kì í ṣe kànga, Bàbá."

"Kí wá ni? Odò ni? Ó dáa, odò ni. Ṣé o mọ̀ ọ́n wẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó tíì jẹ mí ládùúgbò yìí."

"Ta lo jẹ? Ọmọ ilé kejì tó máa ń ṣí omi ẹ̀rọ tó sì máa ń gbàgbé láti tì í? Ìyẹn lo jẹ tó o fi ń yan kiri?"

Gbogbo àdúgbò ni ó ń pe ọmọ náà ní Eléyín, nítorí pé ilé-iṣẹ́ tí a ti ń ṣe eyín àtọwọ́dá ni ó ti ń kọ́ṣẹ́. Òun ni í po ìyẹ̀fun funfun tí í le bí òkúta, èyí tí a fi ń gba àpẹẹrẹ èrìgì aláìléyín. Òun náà ni í fi ayùn tín-ínrín rin eyín títí yóò fi bá ẹnu onítọ̀hún mu. Ìjókòó kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí sílẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé níbẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ obìnrin, ẹni tí kì í sọ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ti wí fún un pé: "Tìrẹ ni, bí o bá wá sọ fún mi kí n tó ti ilẹ̀kùn lónìí. Bí mi ò bá rí ọ, ẹlòmíràn á jókòó síbẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la."

Owó tí ó wà nídìí ìjókòó náà kò pọ̀. Ó kàn dájú ni. Ohun tí ó dájú tí kò sì pọ̀ yìí ni ó ti sú àwọn ọ̀dọ́, tí ó fi jẹ́ pé kò sí àtẹ̀gùn ilé kan ní òpópónà náà tí a kò ní rí ọ̀dọ́ kan lórí rẹ̀, tí ó tẹ orí kodò sórí fóònù, tí ó ń fi àtàǹpàkò yí káàdì, tí ebi sì ń yí ikùn rẹ̀.

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ dákẹ́ kí ẹyin yìí lè jiná!" Ìyá Eléyín ké láti ìdí iná. Ilé ìfọṣọ ni ó ti ń lọ aṣọ, ṣùgbọ́n ó ti tọrọ àyè lọ́dọ̀ wọn lónìí. "Àbúrò mi ń bọ̀. Ìdí káàdì ló ti ń jẹun láti ìgbà tí ọmọ yìí ti ń rá kòrò. Ẹ jẹ́ kó wò ó. Tó bá ní kò lè ṣe é, kó lọ jókòó sídìí eyín rẹ̀. Tó bá ní ó lè ṣe é…"

"Tó bá ní ó lè ṣe é ńkọ́?"

Obìnrin náà yí ẹyin padà. Nígbà tí ó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Ẹ má sì gbàgbé o. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ Bọ̀dá Àgbà kí ó tó jẹun tán."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Bọ̀dá Àgbà ni àkọ́bí nínú àwọn ọmọ ìyá obìnrin náà, òun ni ó sì tọ́ Ìyá Eléyín àti àbúrò rẹ̀ yìí dàgbà. Ó ti kú. Wọ́n pe àbúrò lórí fóònù títí wọ́n fi kó iyẹ̀pẹ̀ lé òkú lórí. Nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ta káàdì, pípa ni wọ́n ń pa fóònù. Ìyá Eléyín sì ti pinnu pé òun kò ní fi ọ̀rọ̀ òkú pàdé ẹni tí ó ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ ní ẹnu ọ̀nà.

Láti òwúrọ̀ ni Ìyá Òkè, obìnrin tí ń gbé lókè wọn, ti jókòó sórí àtẹ̀gùn tí ó ń wo òpópónà.

"Ìyá Eléyín, mọ́tò àbúrò ẹ ò mà tíì dé o!"

"Ta ló sọ fún yín pé mọ́tò ló ń gbé e bọ̀?"

"Ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn olówó lórí tábìlì, ṣé ẹsẹ̀ ló máa fi rìn wá ni?"

"Ẹsẹ̀ náà ni mo fi rìn, mà. Ẹ káàsán, mà."

Ìyá Òkè fò sókè. Ọkùnrin náà dúró lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, àpò kékeré kan léjìká, ṣẹ́ẹ̀tì tí kò ní àwọ̀ tí ènìyàn lè rántí lọ́rùn. Adágún ni àwọn tí wọ́n jọ ń ta káàdì ń pè é, orúkọ náà sì ti bá a dé ilé. Ẹnikẹ́ni tí ó bá rí i yóò mọ ìdí. Ojú rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀. Kò dùn, kò sì korò. Ó kàn pa rọ́rọ́, bí omi tí atẹ́gùn kò mọ ọ̀nà rẹ̀.

"Àna wa, ẹ káàbọ̀!" Télọ̀ dìde. Òun tí ó ti ń ró kẹ̀kẹ̀ láti àárọ̀ wá ń fi ọwọ́ nu àga fún àlejò.

"Ẹ ṣeun, àna mi. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ilé."

Ìyá Eléyín dì mọ́ ọn, ó sì tètè jọ̀wọ́ rẹ̀ kí ara òun má baà sọ̀rọ̀ kí ẹnu tó sọ ọ́. Adágún wò ó lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ó jókòó.

Eṣinṣin kan bà lé e lójú. Ó rìn láti ìpéǹpéjú dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó dúró, ó fọwọ́ para, ó fò lọ. Ojú náà kò mì. Nínú yàrá náà, gbogbo ènìyàn ni ara ń yún, àfi ẹni tí eṣinṣin bà lé.

Ìyá Òkè, tí kò sí ẹni tí ó pè é wọlé, ti wọlé.

"Wọ́n ní kò sí ohun tí ènìyàn lè fi pa mọ́ fún ẹ. Ó dáa. Kọ́kọ́rọ́ ilé mi rèé." Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó tún nà wọ́n síwájú ní dídì. "Èwo ló wà?"

"Ọwọ́ òsì, mà."

Òsì ni. Ó tún ṣe é. Ọ̀tún ni, ọkùnrin náà sì sọ ọ́ kí ó tó na ọwọ́ tán. Ó ṣe é títí òógùn fi bò ó, kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Níkẹyìn obìnrin náà yí ẹ̀yìn padà, ó pẹ́ díẹ̀, ó tún na ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì síwájú pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Kò sí níbì kankan nínú méjèèjì, mà. Àfi kẹ́ ẹ yọ ọ́ nínú gèlè."

Kọ́kọ́rọ́ já bọ́ láti inú gèlè bí ẹni pé ìtìjú ló lé e jáde. Eléyín ju fóònù sórí àga, ó ń pàtẹ́wọ́. Télọ̀ la ẹnu, ó gbàgbé láti pa á dé.

"Báwo lo ṣe mọ̀? Mo ṣáà pa ojú mi mọ́!"

"Ojú yín gbọ́n, mà. Ẹsẹ̀ yín lẹnì kankan ò kọ́ lọ́gbọ́n. Ibi tí kọ́kọ́rọ́ bá wà ni wọ́n máa ń sá fún."

"Ojú lọ̀rọ̀ wà ni wọ́n ń sọ fún wa láti kékeré," ni Télọ̀ wí, ohùn rẹ̀ bí ti ẹni tí ó wà nínú ilé àdúrà. "A ò mọ̀ pé ó tún ń sọ̀ kalẹ̀ dé ẹsẹ̀."

Adágún yíjú sí Eléyín. "Gbé káàdì wá."

Wọ́n da agolo bọ́tìnnì Télọ̀ sórí tábìlì, wọ́n sì pín in lọ́gbọọgba dípò owó. Kálukú gba káàdì méjì tí ẹnì kejì kò gbọdọ̀ rí. A ó wá máa ṣí márùn-ún sáàárín tábìlì díẹ̀díẹ̀, èyí tí ó jẹ́ ti gbogbo ayé. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dára yóò fi bọ́tìnnì lé e. Ẹni tí kò dára yóò da tirẹ̀ nù, tàbí kí ó fi ọwọ́ òfo dẹ́rù ba ẹnì kejì kí onítọ̀hún lè sá.

"Òfo ni," ni Adágún wí nígbà tí Eléyín kọ́kọ́ ti bọ́tìnnì síwájú. Òfo ni.

"Òfo tún ni." Bẹ́ẹ̀ náà ni.

"Èyí dára. Mo sá." Ó dára lóòótọ́.

Ọmọ náà ń làágùn. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ibi ìdáná pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. Lẹ́yìn èyí ni ohun kan ṣẹlẹ̀ tí gbogbo wọ́n rí tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣàlàyé. Eléyín wo káàdì tuntun méjì, ó dojú wọn délẹ̀, ó fi ọwọ́ lé itan. Mímí rẹ̀ wálẹ̀. Ojú rẹ̀, tí kò tíì lè pa ìyà tàbí ayọ̀ mọ́ láti ọjọ́ tí a ti bí i, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo bí yàrá tí a ń kó ẹrù jáde nínú rẹ̀. Ó ti gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ síwájú.

Adágún wò ó. Ó wo ọwọ́, ó wo ọrùn, ó wo ẹsẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìrẹsì fi hó dà sórí iná tí ẹnikẹ́ni kò yà sí i. Ó da káàdì rẹ̀ nù.

Eléyín ṣí tirẹ̀. Òfo pátápátá.

Ìyá Òkè hó yèè. Télọ̀ gbá tábìlì, bọ́tìnnì fọ́n ká.

"Kí lo rí?" ni Ìyá Eléyín bi àbúrò rẹ̀.

"Mi ò rí nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n mi. Mo wá ọmọ yín lójú ọmọ yín, mi ò bá a níbẹ̀."

"Ṣé ó lè ṣe é?" ni Télọ̀ bèèrè. "Àna mi, ẹ dá mi lóhùn. Ṣé ó lè ṣe é?"

"Ó ní ẹ̀bùn rẹ̀."

"Ẹ̀bùn! Ìyá Eléyín, ṣé o gbọ́? Ọmọ mi ní ẹ̀bùn! Fóònù mi dà? N ó pe ọ̀gá rẹ̀ ni, kó fún ẹni tó bá wù ú níjókòó."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kó lọ wá bàbá mìíràn?"

"Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké!"

"Láàárọ̀, kànga ni. Ní báyìí, oyin ni."

Ìyá Òkè ti sáré jáde láti lọ sọ fún gbogbo àtẹ̀gùn. Eléyín nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ ti padà bọ̀ sípò, ó sì ń wo Adágún bí ẹni tí ó ń wo orí òkè tí ó ga.

"Ṣé kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, sà?"

"Nínú àwọn tó ò ń jẹ, ta ni kò mọ̀ ọ́n ta?"

"Gbogbo wọn, sà."

"Níbi tí mo ń jókòó sí, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n ta. Ẹnu ọ̀nà la máa ń wò, pé kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wọlé. Tó o bá wọlé lọ́la, ìwọ là ń retí."

"N ó kọ́ ọ, sà."

"O lè kọ́ ọ. Àwọn tó kọ́ ọ tí ò fi jẹun pọ̀ ju àwa tó ń fi jẹun lọ, àmọ́ o lè kọ́ ọ. Dída káàdì nù ni iṣẹ́ mi láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Oṣù kan lè wà tí n ó ṣe ohun gbogbo bó ti yẹ, tí n ó sì pàdánù. Ẹni tí kò mọ ọwọ́ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún á jókòó tì mí, á ṣe ohun gbogbo lódì, á sì kó o lọ. Tí ojú rẹ bá yí padà lọ́jọ́ yẹn, ó ti tán."

"Báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí tiyín kì í yí?"

"Mo kọ́ ọ nínú bọ́ọ̀sì. Mo kọ́ ọ nídìí oúnjẹ, níwájú dókítà eléyín. Mo kọ́ ọ títí mi ò fi nílò láti máa kọ́ ọ mọ́."

Télọ̀ mú fóònù lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò tẹ̀ ẹ́. Ó wò ó bí ẹni pé ẹlòmíràn ló gbé e fún un.

"Ẹ gbé nǹkan yẹn sílẹ̀, oúnjẹ ti délẹ̀," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Ìrẹsì, ẹja àti ẹyin dídín ni. Ìsàlẹ̀ ìkòkò ti jóná díẹ̀, èyí tí ó wà lókè ni ó bù fún àlejò. Adágún jẹ ẹ́ bí ó ti ń ṣe ohun gbogbo.

"Ṣé iyọ̀ pọ̀ jù ni?"

"Ó dùn, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ó dùn!" Télọ̀ rẹ́rìn-ín, ayọ̀ ti mú un gbàgbé ara rẹ̀. "Ẹni tó bá wo ojú yín, àna mi, á ní ìkéde òkú lẹ̀ ń kà."

Ṣíbí ọmọ dúró lójú ọ̀nà ẹnu. Ìyá Eléyín gbé ife omi, kò mu ún, ó tún gbé e kalẹ̀. Adágún wo àwọn mẹ́ta náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì rọra ti àwo síwájú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, láti ìgbà tí mo ti wọlé lẹ ti di nǹkan kan mú. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ni. Òun kọ́, àbí?"

Ìyá Eléyín fi ìborùn nu ọwọ́. "Ṣé o yó?"

"Mo yó."

"Bọ̀dá Àgbà ti lọ."

Ọkùnrin náà ń wò ó.

"O gbọ́ mi? Bọ̀dá Àgbà ti kú. A ti sin ín. A pè ọ́, a pè ọ́, a ò rí ọ bá sọ̀rọ̀."

Eléyín ń wo ojú náà. Kò mọ̀ pé òun ń ṣe é. Ọgbọ́n tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ni ó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ó wo ìpéǹpéjú, ó wo ètè, ó wo ọ̀nà ọ̀fun, ó tẹ̀ ba láti wo ẹsẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Kò sí ohun kan tí ó yí. Ẹ̀rù kan tí kò ní orúkọ gun ọmọ náà lẹ́yìn.

"O ti mọ̀," ni Ìyá Eléyín wí jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ó ké. "O ti mọ̀! Ta ló máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí tójú ẹ̀ á dúró bí àwo? O ti gbọ́ tipẹ́, o ò sì wá! Ẹni tó gbé ọ sí èjìká lọ sílé-ìwé! Ẹni tí kì í jẹ ẹran kó o lè jẹ ẹ́! O jẹ́ ká kó iyẹ̀pẹ̀ lé e lórí láìsí ọwọ́ rẹ níbẹ̀, o wá jókòó síbí ò ń fi kọ́kọ́rọ́ pa wá lẹ́rìn-ín!"

"Mi ò gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ìsinsìnyí ni mo gbọ́."

"Irọ́!"

"Ìsinsìnyí ni."

Ìyá Eléyín gbé ọwọ́ sókè láti gbá a létí. Ojú náà kò ṣẹ́. Ó dúró síbẹ̀, ó ń retí ọwọ́, bí ó ti retí eṣinṣin. Ìgbà náà ni Adágún sọ ọ̀rọ̀ kan, ohùn rẹ̀ sì kéré bí ti ọmọdé tí ó sọ nù lójà.

"Mò ń sunkún, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé kò hàn ni?"

Ọwọ́ obìnrin náà dúró lófuurufú. Ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ àbúrò rẹ̀, ó gbẹ. Ó fi kan àyà rẹ̀, ó sì fà sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó, ó tún gbé e padà síbẹ̀. Lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì aláìláwọ̀ náà, ọkàn ń gbá kìì, kìì, kìì, bí ẹni tí a tì mọ́ yàrá tí ó ń fi ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì lu ilẹ̀kùn.

"Bàbá ẹ̀," ó pe ọkọ rẹ̀, "ẹ wá gbọ́. Ẹ wá fọwọ́ kàn án."

Télọ̀ gbé ṣíbí rẹ̀ kalẹ̀.

"Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran," ni Adágún wí. "Èmi ríran títí, mo gbàgbé ọ̀nà ẹkún. Mo ń wá a, ẹ̀gbọ́n mi. Mo mọ̀ pé ó wà nílé. Mi ò rí ẹnu ọ̀nà."

Ìyá Eléyín fa orí rẹ̀ mọ́ àyà bí a ti í fa orí ọmọ ọwọ́ mọ́ra. Kò bi í ní nǹkan mọ́. Láti ibẹ̀, láàárín apá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Adágún yí ojú tí ó pa rọ́rọ́ yẹn sí Eléyín.

"O bi mí lẹ́ẹ̀kan pé ṣé kí o fi iṣẹ́ rẹ sílẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Wò mí dáadáa."

Ó tán síbẹ̀. Ọmọ náà wò ó. Télọ̀ bẹ̀rẹ̀ òwe kan, "Ẹni tó jìn sí kòtò…", ó rí i pé ẹnu òun kò tó o láti parí rẹ̀. Ó tẹ̀ ba, ó mú bàtà ọmọ rẹ̀ tí ó wà lábẹ́ àga, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu eruku orí rẹ̀, ó sì gbé e síwájú ẹsẹ̀ ọmọ náà.

Oòrùn ti yẹ̀ nígbà tí Eléyín jáde. Ìyá Òkè wà lórí àtẹ̀gùn, ó ti kó àwọn ọmọ àdúgbò jọ sísàlẹ̀, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

"Eléyín, ọmọ ẹlẹ́bùn! Ṣebí bàbá ẹ ti gbà… Háà. Kí ló mú omi kún ojú ẹ báyìí?"

Ó ń dà lójú ọmọ náà gan-an, ó ń kán sí i láyà ẹ̀wù, kò sì nù ún.

"Ẹ jẹ́ n kọjá, mà. Ọ̀gá mi máa tó ti ilẹ̀kùn."

"Ibi iṣẹ́ lò ń lọ? Ẹkún iṣẹ́ wá nìyẹn?"

"Rárá, mà. Ẹkún àbúrò màámi ni. Ojú mi ló fi ń sun ún."

Ìyá Òkè wo ojú ọmọ náà, ó di ọ̀pá àtẹ̀gùn mú, ó sì dìde dúró kí ó lè kọjá, bí a ti í dìde fún àgbàlagbà.